Táńkì Kì Í Sùn ní Òfìfo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń yà sí iwájú ilé mi ní Irémọ, tẹ́ ẹ máa ń béèrè pé, "Bàbá Wẹ́dà, ṣé ẹ rò pé ká kọ́ iṣẹ́ yín yìí?", ẹ fìdí kalẹ̀ lónìí. Ẹ má bi mí ní iye tí mo rí nídìí ẹ̀. Mo fi jẹun, mo fi kọ́lé, mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, ó parí. Ojú mi òsì kò ríran dáadáa mọ́, iná irin ló jẹ ẹ́, ìyẹn náà wà lára èrè iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ọ̀rọ̀ táńkì kan àti ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ràímì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tán, kẹ́ ẹ wá pinnu bóyá ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ àbí ẹ fẹ́ lọ máa ta káàdì fóònù.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ògúnléyẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ẹnuwá. Tó o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wàá máa rí àwọn tó ń lọ kí ọba. Ọ̀gá ga, ó gbẹ, kì í sì í sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rò pé ó ń bá bàbá mi jà ni. "Dì í mú." "Tú u." "Tún un jó." Ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu rẹ̀ jáde lójúmọ́ kò kún ṣíbí. Tí mo bá jó irin tán, á fi èékánná tọ ojú ibi tí mo jó láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò tiẹ̀ ní wo ibẹ̀. Tí èékánná yẹn bá kọ́ lára kiní kan, bó ti wù kó kéré tó, á kàn nawọ́ sí hámà. Mo ti mọ ohun tó kàn. Màá tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, màá tún bẹ̀rẹ̀. Kì í bínú, kì í pariwo. Ó sàn kó pariwo.

Gáàsì la fi ń jó irin nígbà náà. Dúrọ́ọ̀mù ńlá kan wà tí omi wà nínú rẹ̀, a ó wá da dúrọ́ọ̀mù kékeré kan dojú bolẹ̀ sínú omi náà. Tá a bá ju kábáìdì sínú rẹ̀, omi á máa hó, gáàsì á kún abẹ́ dúrọ́ọ̀mù kékeré yẹn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Òkúta la máa ń gbé lé e lórí kó má bàa gòkè jù. Tí gáàsì bá tán, á tún sọ̀ kalẹ̀. Irin ni o, kì í ṣe igbá. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi wo nǹkan yìí láràárọ̀, mi ò sì bi ara mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló ń gbé e. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ máa rí i níwájú.

Táńkì ni iṣẹ́ ọ̀gá mi gan-an, èyí tó ń dúró lórí òpó àti èyí tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀. Ó sì ní òfin kan fún èyí tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀. Kété tá a bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ sínú kòtò, a gbọ́dọ̀ fa omi kún un, omi náà ò sì gbọdọ̀ jáde títí wọ́n á fi da yanrìn àti kọnkéré bò ó. "Táńkì kì í sùn ní òfìfo nínú kòtò." Bó ṣe máa ń wí i nìyẹn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá mi, òun ló gùn jù.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Kí ló dé, sà?"

Ó gbá mi létí. Kò le, kò sì rọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá mi ò sọ fún mi. Mo sì ń jẹun nídìí ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ parí. Èmi náà wá fi ọgbọ́n orí mi ṣàlàyé rẹ̀ fún ara mi. Mo ní nítorí ká lè mọ̀ bóyá ó ń jò ni. Àlàyé náà sì bọ́gbọ́n mu, òun ló kó bá mi. Wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbá abèèrè létí ńkọ́?

Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí n gba fíríìdọ̀mù, Alhaji kan gbé iṣẹ́ ilé epo rẹ̀ fún wa lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹni tó gbẹ́ kòtò táńkì náà ni Ràímì tí mo ní mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Agbẹ́kànga ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti níyàwó, ó sì ti lórúkọ. Nígbà yẹn, tó o bá fẹ́ gbẹ́ kànga ní Irémọ, òun làwọn àgbà máa ní kó o pè. Ó ní àṣà kan. Tó bá ti wọ inú kànga, á máa súfèé, kí ẹni tó di okùn rẹ̀ mú lókè lè mọ̀ pé ó ṣì ń mí. Tí ìfé bá dákẹ́, kí wọ́n fà á jáde ni.

Nígbà tó gbẹ́ kòtò Alhaji dé ìwọ̀n orúnkún, ọkọ́ rẹ̀ kan àpáàdì. Kì í ṣe àpáàdì tó ṣèèṣì wà níbẹ̀. Wọ́n tò ó ní ìdúró, ọ̀kan ti èkejì, bí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ṣe máa ń tẹ́ àgbàlá wọn. Ẹni tó bá ti kọ́lé rí nílùú yìí mọ ohun tí mò ń wí. Ràímì dúró. Ó ṣí fìlà, ó ní kí wọ́n lọ pe Alhaji wá.

Alhaji wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ràímì, ibo lo fẹ́ gbẹ́ ní Ifẹ̀ tí o ò ní bá nǹkan àwọn baba wa níbẹ̀? Máa gbẹ́ lọ, jàre."

Ó gbẹ́ lọ. Àmọ́ ó ṣa àwọn àpáàdì náà sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé e lọ sílé rẹ̀, ó ní kò yẹ kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́. Ojú mi ló ṣe é. Nínú gbogbo àwa tá a wà níbi iṣẹ́ náà, òun nìkan ló bu ọlá fún ohun tó wà nínú ilẹ̀.

A gbé táńkì wá, a fi ṣéènì sọ ọ́ kalẹ̀, a fa omi kún un. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá gbọ́ pé àna rẹ̀ kú ní Iléṣà. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta. Máa ṣọ́ ọ." Ó lọ. Yanrìn tí wọ́n máa dà yí táńkì ká kò tíì dé.

Ẹ̀rùn ti fẹ́ parí nígbà náà, omi sì wọ́n bí ojú. Ní ọjọ́ Jímọ̀, awakọ̀ táńkà omi kan tó ń wá omi lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé yà sọ́dọ̀ mi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Omi tó wà nínú táńkì yín yìí, ṣé ẹ ṣì ń lò ó?"

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ pè mí ní ọ̀gá láyé mi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mo ní ọ̀gá tèmi. Mo rò ó pé omi náà ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò jò ẹ̀kán kan. Mo tún rò ó pé omi máa ń mú kí irin dípẹtà. Mo ní kó fà á. Mo tilẹ̀ ń pàṣẹ fún un bó ṣe máa to páìpù rẹ̀. Ó fà á gbẹ, ó ra ìgò mínírà kan fún mi, ó lọ. Mo jókòó lórí táńkì, mo mu ún, mo rò pé mo gbọ́n ju ọ̀gá mi lọ.

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Ẹ mọ irú òjò yẹn, èyí tó máa ń rọ̀ bí ẹni ń bínú. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀, kì í tètè fa omi mu, gbogbo àgbàrá ojú ọ̀nà sì rọ́ lọ sínú kòtò náà. Ilé ni mo wà, mo ń dúpẹ́ pé ooru máa rọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí mo débẹ̀, èrò ti pọ̀. Táńkì tí ọkùnrin méjìlá fi ṣéènì sọ̀ kalẹ̀ ti jáde. Ó ti gbé orí sókè kúrò nínú ilẹ̀, ó dẹ̀gbẹ́, apá kan rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, páìpù ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́. Omi pupa kún kòtò dé ẹnu. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Ọkùnrin kan láàárín èrò ló ní, "Ilẹ̀ ló bì í. Ṣé wọn ò sọ pé agbẹ́lẹ̀ yẹn fọ́ àgbàlá àwọn ará àtijọ́?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ẹnu ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní Ràímì fọ́ ohun tí kò yẹ kó fọ́. Wọ́n tún ní ó kó nínú rẹ̀ lọ sílé, pé ó fẹ́ tà á fún òyìnbó ni. Apẹ̀rẹ̀ tó fi bu ọlá fún wọn ni wọ́n sọ di ẹ̀rí olè.

Ọ̀gá dé láti Iléṣà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó yí táńkì ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé omi wà nínú ẹ̀?"

Ìyá mi ti ra aṣọ fíríìdọ̀mù mi, ó wà nínú àpótí. Oṣù mẹ́ta ló kù. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní kò sí, ọ̀gá mi á lé mi, ọdún mẹ́fà á dòfo. Mo wo ilẹ̀.

Mo ní, "Ó wà, sà."

Páìpù ẹnu táńkì ti ṣẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi mí pé omi ọ̀hún dà. Gbogbo wọn gbà pé ó ti dà nù nígbà tó dẹ̀gbẹ́. Mo sì rí ohun kan lójú ọ̀gá mi tí n kò rí níbẹ̀ rí. Ẹ̀rù ń bà á. Òfin kan ṣoṣo tó jogún lọ́wọ́ ọ̀gá tirẹ̀, táńkì ti rú u níṣojú rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà àdúgbò wá bi í léèrè bóyá ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwa wẹ́dà, ó mi orí. Ó ní, "Èyí ju wẹ́dà lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kan Ràímì lórí. Wọ́n ní kó ṣe ètùtù, ó ṣe é. Wọ́n ní kó dá àpáàdì padà, ó dá a padà. Kò sẹ́ni tó nà án, kò sẹ́ni tó bú u. Wọn ò kàn pè é síṣẹ́ mọ́ ni. Ta ló fẹ́ mu omi kànga tí ẹni tí ilẹ̀ kọ̀ gbẹ́? Wọ́n sọ ọ́ ní Ilẹ̀-Kọ̀-Ọ́. Àwọn ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀ tó bá ń kọjá. Kò tó oṣù mẹ́ta, ó kó lọ sí oko baba rẹ̀ lójú ọ̀nà Oǹdó. Ọjọ́ tó ń lọ, iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ló gbà kọjá, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọbìnrin wọn. Ó kí mi. Mo dá a lóhùn. Lọ́sẹ̀ náà ni mo gba fíríìdọ̀mù. Mo wọ aṣọ yẹn, mo jó.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Irémọ níbí. Láti ìgbà náà, ojú mi ti rí irinṣẹ́. Kábáìdì lọ, ẹ̀rọ oníná dé, ràgàjì bí ẹran màlúù, ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e. Jẹnẹrétọ̀ dé. Lóde òní, ẹ̀rọ tó kéré bí àpò ìwé ọmọ iléèwé ló ń ṣe iṣẹ́ náà, àwọn ọmọ ń gbé e kọ́ apá gun ọ̀kadà. Táńkì oníke dúdú dé, ó gba iṣẹ́ irin lọ́wọ́ wa. Àwọn kan rì í mọ́lẹ̀ láìfi omi sí i, ó jáde, wọ́n sì wá pè mí kí n wá wo àrà. Mi ò lọ wo àrà kankan. Mo ti rí i. Ṣùgbọ́n mo ti sáré ju ìtàn mi lọ.

Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Ràímì lọ, wọ́n ní kí n wá jó ẹsẹ̀ tábìlì kan nínú yàrá ìdánwò ní Yunifásítì. Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú irinṣẹ́ níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè, ń múra sílẹ̀ de àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó bu omi sínú básíà, ó gbé agolo mílíìkì òfìfo lé e, agolo léfòó. Ó ju ìṣó kan sínú rẹ̀, ìṣó rì. Ó rí i pé mo ń wò.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wẹ́dà, irin ni méjèèjì. Kí ló dé tí ọ̀kan fi rì?"

Mo ní agolo fúyẹ́ ni.

Ó ní, "Rárá o. Gbé méjèèjì wò. Agolo ló wúwo jù."

Mo gbé e wò. Òótọ́ ni. Ó wá ní, "Omi ò mọ irin, kò mọ igi. Ohunkóhun tó o bá tì bọ inú rẹ̀, o ti lé omi díẹ̀ kúrò láyè ẹ̀ nìyẹn. Omi yẹn fẹ́ padà sáyè rẹ̀, á máa ti nǹkan náà sókè. Agbára tó ń fi tì í ò ju ìwúwo omi tó o lé kúrò lọ. Ìṣó kékeré, omi tó lé ò tó nǹkan, ìṣó wúwo jù ú lọ, ó rì. Agolo gba àyè ńlá pẹ̀lú òfìfo inú rẹ̀. Omi tó fẹ́ gba àyè yẹn wúwo ju agolo lọ, omi borí. Wò ó." Ó bu omi kún agolo náà. Ó rì lọ sísàlẹ̀ básíà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí agolo yẹn bá tóbi tó yàrá ńkọ́, tí irin rẹ̀ sì nípọn?"

"Tó bá ṣófo, omi á gbé e. Ṣebí bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń rìn nìyẹn."

"Tó bá wà nínú ilẹ̀ ńkọ́, sà? Nínú kòtò?"

Ó ní, "Kòtò tí omi bá ti kún, omi náà ni."

Mo gbé irinṣẹ́ mi kalẹ̀. Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Mo lọ dúró lẹ́yìn ilé náà, mo sì sunkún. Dúrọ́ọ̀mù kábáìdì ọ̀gá mi, tí òkúta máa ń wà lórí rẹ̀, ló wá sí mi lọ́kàn. Ọdún mẹ́fà ni nǹkan yìí fi ń ṣe ìdánwò náà fún mi ní ọ̀fẹ́. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo lè parọ́ fún ara mi pé bóyá ilẹ̀ bì í lóòótọ́, pé bóyá omi tí mo jẹ́ kí wọ́n fà kò kan ọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà ni irọ́ yẹn tán. Èmi ni mo yọ táńkì, mo sì jókòó wo ẹlòmíràn tó ń jìyà rẹ̀ nítorí aṣọ fíríìdọ̀mù àti ìgò mínírà kan.

Mo tọ ọ̀gá mi lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de hámà pàápàá. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ mi?"

Mo ní, "Mo béèrè, sà. Ẹ gbá mi létí."

Ọ̀gá mi dojú bolẹ̀. Ó fọwọ́ pa orí. Ó ní, "Àwa méjèèjì la jẹ ọkùnrin yẹn ní gbèsè ọ̀rọ̀. Dìde, jẹ́ ká lọ."

A wọ ọkọ̀ lọ sí oko náà. Mo gbé básíà àti agolo dání. Ràímì ń fọ́ kòkó nídìí ilé. Ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti ń funfun, bẹ́ẹ̀ a ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tán. Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo kòkó, mo jẹ́wọ́. Ó ń gbọ́ mi, kò dá iṣẹ́ dúró. Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó ní:

"Ọmọ tí ìyàwó mi pọ̀n lọ́jọ́ yẹn ti kú. Ọdún kejì tá a débí ni. Wọ́n ní ibà ni. Èmi mọ̀ pé ilẹ̀ ló gbà á, nítorí ohun tí mo fọ́. Mo ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé èmi ni mo pa á."

N kò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, n kò mọ̀. Mo bu omi sínú básíà, mo gbé agolo òfìfo náà lé e, mo ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò fẹ́. Ọ̀gá mi ló bẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ kí ẹnu rẹ̀ má bàa wọnú omi. Agolo tì í padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó dúró bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ le.

Ó ní, "Ó ń tì mí."

Mo ní, "Omi ni. Omi nìkan ni. Táńkì ṣófo, òjò kún kòtò, omi gbé e. Tí n ò bá jẹ́ kí wọ́n fà á gbẹ, kì bá tí mira."

Ó ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá. Ó bu omi kún un, ó wò ó bó ṣe rì, ó dà á nù, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti jáde síta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ràímì kò wojú ẹnì kankan nínú wa. Ìyàwó rẹ̀ ló kọjú sí. Ó ní, "Ibà ló pa á nígbà náà."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Ó ní, "Ṣebí mo sọ fún ọ."

Ràímì kò bú mi. Ohun kan ló ní kí n ṣe. Ó ní ohun tí mo sọ fún òun nínú oko, kí n lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti sọ òun lórúkọ. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ní ilé epo Alhaji, níṣojú Alhaji àti àwọn àgbà àdúgbò, mo gbé básíà kalẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé èmi ni mo fa omi, èmi ni mo parọ́. Ọ̀gá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní òun náà sọ ohun tí òun kò mọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ṣépè fún mi. Àwọn oníbàárà mi dín kù fún ọdún kan gbáko, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, àmọ́ ọmọ tó ti kú láàárín ogún ọdún yẹn kò ní jí.

Ìdí nìyẹn tí básíà àti agolo fi wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, òun ló kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn, kó tó fọwọ́ kan irin. N kò gbá ẹnikẹ́ni létí rí nítorí ó béèrè ìdí. Mo gbá wọn létí nítorí àwọn nǹkan mìíràn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín.

Lẹ́yìn tí mo jẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó tètè pe Ràímì síṣẹ́. Wọ́n gbọ́ àlàyé, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n oníkálukú ń retí kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ pè é. Mo rí i pé èmi ni. Mo ní kó wá gbẹ́ kànga sẹ́yìn ilé mi, èyí tẹ́ ẹ ń pọn omi nínú rẹ̀ yẹn. Ó dé láàárọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀. Mo ti wá ọkùnrin méjì tó gbójú sílẹ̀ tí wọ́n á máa di okùn mú. Nígbà tó gbẹ́ ẹ dé ibi tí ó ti nílò okùn, ó wò wọ́n, ó mi orí. Ó so okùn náà mọ́ ìbàdí, ó wá kó ìyókù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ìwọ ni wàá dì í mú."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ti fẹsẹ̀ kan sínú kòtò. Mo fi okùn náà wé ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fẹ̀yìn ti igi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà ní ọwọ́ mi. Orí rẹ̀ wọlé. N kò rí i mọ́. Mo dúró, mo ń tẹ́tí, títí mo fi gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, tó ń súfèé.